Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ jìnnà jù: ṣé ká fa ìjókòó síwájú ni, àbí ká tún stem ṣe?

Àdùkẹ́_Gun: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tí mo bá ti gun kẹ̀kẹ́ pẹ́ díẹ̀, ìka mi á máa kú, ọrùn á sì máa ro mí. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ jìnnà sí mi jù. Ẹnìkan ní kí n fa ìjókòó síwájú, ẹlòmíràn ní kí n pààrọ̀ stem, irin tó so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ ọ̀pá fọ́ọ̀kì (fọ́ọ̀kì ni irin tó di táyà iwájú mú). Èwo ni kí n ṣe?

Bàbá_Sípánà: Ẹ má fọwọ́ kan ìjókòó nítorí ọwọ́. Ẹsẹ̀ ló ni ìjókòó, ọwọ́ ló ni stem. Níbi tí orúnkún yín bá ti tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ fi ìjókòó síbẹ̀. Tí ẹ bá fà á síwájú, ìwúwo ara yín á túbọ̀ bọ́ sórí ọwọ́, ọwọ́ náà ló sì ń dùn yín yìí.

Gbénró: Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà. Stem tuntun ń gba owó, fífa ìjókòó ò gba kọ́bọ̀. Kí ló burú nínú sẹ̀ǹtímítà kan?

Bàbá_Sípánà: Tó bá jẹ́ pé ìjókòó ti wà lẹ́yìn jù tẹ́lẹ̀, kò burú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúnkún ló máa san gbèsè ọwọ́. Àti pé ta ló ní dandan ni ká ra tuntun? Ọ̀pọ̀ stem òde òní ló tẹ̀ ní ìwọ̀n 6°. Tó bá kọjú sísàlẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé kó kọjú sókè. Stem 100 mm á gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ga tó nǹkan bíi 20 mm, á sì tún fà á súnmọ́ yín díẹ̀.

Mọ́remí_K: Kẹ́ ẹ tó dá a lójú dé, irú èwo ni? Ti àtijọ́ ń wọ inú ọ̀pá fọ́ọ̀kì, bóòtù gígùn kan ló wà lórí rẹ̀. Ẹ tú u díẹ̀, ẹ gbé igi lé e, kẹ́ ẹ rọra fi òòlù gbá a kó lè já. Ìlà kan wà lára rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ hàn síta. Tẹ́ ẹ bá fà á kọjá ìlà yẹn, ó lè kán tàbí kó yọ lórí eré, ẹ jọ̀ọ́.

Àdùkẹ́_Gun: Tèmi dì mọ́ ìta ọ̀pá, bóòtù méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́ṣà nínípọn sì wà lórí rẹ̀.

Kọ́ládé: Ó rọrùn nìyẹn. Bóòtù orí yẹn ló dì í mú. Ẹ fún un le dáadáa, ó parí.

Mọ́remí_K: Rárá o! Bóòtù orí ò di stem mú, bẹ́ríìnì, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń jẹ́ kí fọ́ọ̀kì yí, ló ń tẹ̀. Àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ ló ń dì í mú. Ẹ tú ti ẹ̀gbẹ́, ẹ yọ ti orí, ẹ kó wọ́ṣà sí abẹ́ stem. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dá a padà sórí rẹ̀. Ọ̀pá fọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ tó nǹkan bíi 3 mm sí wọ́ṣà tàbí stem tó wà lókè pátápátá. Ẹ wá fún bóòtù orí títí mímì á fi tán, àmọ́ kí fọ́ọ̀kì ṣì máa yí fàlàlà. Ẹ tò ó kó bá táyà iwájú dọ́gba, kẹ́ ẹ tó fún ti ẹ̀gbẹ́ ní díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.

Gbénró: Ìyẹn lọ́gbọ́n nínú. Wáyà bíréèkì ńkọ́, ṣé á dé ibẹ̀?

Bàbá_Sípánà: Ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún sósì dé òpin. Tí wáyà bá fà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gùn ún. Ní ti fífún, nọ́ńbà wà lára stem fúnra rẹ̀, 5 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtù) ló sábà máa ń jẹ́. Tí ọ̀pá bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù, ẹ má fi ojú lásán díwọ̀n, torí ó lè là.

Kọ́ládé: Tí ó bá ṣì jìnnà lẹ́yìn gbogbo èyí? Kó ra stem 50 mm, ó tán.

Bàbá_Sípánà: Láti 100 lọ sí 80 tàbí 90, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ tó bá nílò kó dín tó ìlàjì, férémù ló tóbi jù fún un. Stem kúkurú á jẹ́ kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fúyẹ́ jù láti yí, férémù ò sì ní torí ẹ̀ kéré.

Àdùkẹ́_Gun: Ẹ ṣé gan-an. Màá kó wọ́ṣà sísàlẹ̀ ná, tí kò bá tó, màá dojú stem dé. Mi ò ní fọwọ́ kan ìjókòó.

Mọ́remí_K: Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ di bíréèkì iwájú mú, kẹ́ ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn. Tí ẹ bá gbọ́ tó ń dún kọ́ kọ́, ẹ tú bóòtù ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ tún ti orí fún.