Àtúnṣe: Awọ inú ìfun kì í ṣe asẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé awọ inú ìfun dà bí asẹ́ ògì, pé ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà jò sínú ẹ̀jẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ fara ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí, ìdè sì so wọ́n pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ èròjà oúnjẹ gbọ́dọ̀ gba inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kọjá.

Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní orí àti ìdí. Orí rẹ̀ kọjú sí oúnjẹ, ó hu nǹkan tíntìntín bí irun búrọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ sì ni ṣúgà àti iyọ̀ ti ń jọ wọlé. Ìdí rẹ̀ ló ń ti iyọ̀ jáde síhà ẹ̀jẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ló ń jẹ́ kí omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí à ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru wọ ara rẹ̀, ohun tí asẹ́ kò lè ṣe láéláé.

Báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ orí yàtọ̀ sí ìdí? Nínú ara alààyè, ohun tó fara kàn ló ń tọ́ ọ sọ́nà: ibi tó kan awọ fẹ́lẹ́ ìsàlẹ̀ ń di ìdí, ibi tó kan aládùúgbò rẹ̀ ń di ẹ̀gbẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara Drosophila, eṣinṣin kékeré orí èso tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe ìwádìí, àwọn purotéènì bíi Par-3 àti Crumbs ló ń pààlà orí. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní 2018 fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ìfun eṣinṣin náà kò nílò wọn, integrin, ìyẹn purotéènì tó fi di awọ ìsàlẹ̀ mú, ni kò ṣeé mú kúrò.