Nọ́ńbà Ẹ̀yìn Gìtá Kì Í Ṣe Ìwé Ẹ̀rí Ọjọ́ Ìbí

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ láàárín àwa tá a máa ń yà wọ ṣọ́ọ̀bù gìtá: pé nọ́ńbà ara gìtá oníná àtijọ́ nìkan ti tó láti mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo gìtá oníná Stratocaster tí ilé iṣẹ́ Fender gbé jáde lọ́dún 1954. Lára àwọn tó ti pẹ́, orí irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn, níbi tí ọrùn ti so mọ́ ara, ni nọ́ńbà sábà máa ń wà. Skúrù mẹ́rin péré ló dè é. Kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti fi ti gìtá mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ti ilé iṣẹ́ Gibson tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ: láàárín 1963 sí 1969, wọ́n ń lo nọ́ńbà kan náà fún gìtá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Inú ni ẹ̀rí wà. Bí ọlọ́jà bá gbà láti tú ọrùn Fender (ẹ má fọwọ́ ara yín tú u o), ẹ wo ìdí ọrùn náà. Wọ́n sábà máa ń fi pẹ́ńsùlù tàbí òǹtẹ̀ kọ déètì síbẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀yìn àwọn kókó tá a fi ń yí ohùn sókè sódò, lábẹ́ ike iwájú. Bí ẹ bá rí 1376633, 137 ni àmì CTS, ilé iṣẹ́ tó ṣe kókó náà, 66 ni 1966, 33 sì ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélọ́gbọ̀n. Bí wọ́n bá wá pe irú gìtá bẹ́ẹ̀ ní ti 1962, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn pààrọ̀ kókó ni. Ní tèmi, ìyẹn ò ní kí ohùn rẹ̀ má dùn, àmọ́ iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀.