Ẹ̀rọ MRI kọ́ ló ń gbin kókó sí ọpọlọ ọmọ

Ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ń lọ káàkiri lórí WhatsApp, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́. Ó ní kí òbí má gbé ọmọ lọ ya àwòrán orí ní MRI, pé ìtànṣán rẹ̀ ló ń fa kókó ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní DIPG.

Irọ́ ni. Òòfà alágbára àti ìgbì rédíò ni MRI ń lò, kò sí X-ray níbẹ̀ rárá. CT, ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara, ló ń lo X-ray. Ewu díẹ̀ wà nínú ìyẹn, dókítà kì í sì í dédé ní kí wọ́n ṣe é fún ọmọdé.

DIPG ṣọ̀wọ́n. Ìdí ọpọlọ ló máa ń hù sí, àwọn ọmọ nǹkan bí ọdún 5 sí 10 ló sì sábà máa ń mú. Ojú ọmọ lè dà, kó máa rí nǹkan kan ní méjì, ẹnu lè wọ́, ìrìn lè di ségesège, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ àwòrán. Ta ní í rí panápaná níbi iná, tó ní òun ló dáná sunlé?

Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀ lóòótọ́, wọ́n sì lè fún ọmọ kékeré lóògùn oorun kó má baà mira. Ẹ bọ́ yẹtí rẹ̀ kó tó wọlé, kí ẹ sì sọ fún wọn bí irin bá wà lára rẹ̀.