Ọjọ́ méjì tí ẹ̀gẹ́ ní

Ọ̀rọ̀ kan ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó ń dùn mí wọra: wọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó lówó nítorí pé wọ́n mọ iṣẹ́ ṣe, àwa sì tòṣì nítorí pé a ya ọ̀lẹ. Kí ẹni tó bá nírú èrò yìí dìde ní ìdájí, kó lọ sí ẹbu gàrí kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ayépé, kó wo àwọn ìyá tó ti jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni kó wá sọ ti ọ̀lẹ fún mi.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé iṣẹ́ náà díẹ̀. Wọ́n á bẹ ẹ́, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún á bá èèpo lọ. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ lẹ́rọ, wọ́n á rọ ọ́ sápò. Ibí yìí ni gàrí Ìjẹ̀bú ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì: a kì í kánjú yan án, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún la fi ń jẹ́ kó kan. Jáàkì ni wọ́n fi ń fún omi rẹ̀. Bí omi bá ṣẹ́kù jù, á ṣù pọ̀ nínú agbada; bí wọ́n bá fún un gbẹ jù, á di lẹ́búlẹ́bú, kò ní wú nínú omi. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á gbé e ka iná igi, ẹni tó ń yan án ò sì gbọdọ̀ dáwọ́ dúró bí èéfín tilẹ̀ ń ta á lójú. Nínú 100 kílò ẹ̀gẹ́, 20 sí 25 kílò gàrí ló máa jáde. Èyí tó bá gbẹ dáadáa á lo ọ̀pọ̀ oṣù láì bu.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyẹn, torí pé ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ méjì, ó pẹ́ tán ọjọ́ mẹ́ta, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, owó rẹ̀ á sì já. Àwọn ìyá wa ti fi ọwọ́ àti iná igi borí ọjọ́ méjì yìí. Lójú tèmi, inú ọjọ́ méjì yìí gan-an ni ìyàtọ̀ orílẹ̀-èdè olówó àti tálákà fara pamọ́ sí.

Nàìjíríà ló ń hú ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé, nǹkan bí 60 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún. Bí ìdajì ìyẹn ni ti Táílándì. Síbẹ̀, Táílándì ló ń ta ẹ̀gẹ́ gbígbẹ àti sítáàṣì sókè òkun jù lọ, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ wa míì ń fi dọ́là ra sítáàṣì wọlé. Ní 1960, tí a bá pín owó ọdún kan káàkiri orí, ọmọ Táílándì kan àti ọmọ Nàìjíríà kan jọ wà ní nǹkan bí 100 dọ́là. Lónìí, tiwọn ti kọjá 7,000, tiwa ò tó 2,000. Wọn ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí Báǹkì Àgbáyé ń pè ní olówó, nǹkan bí 14,000 ni ẹnu ọ̀nà ìyẹn.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi nǹkan yí ọjọ́ méjì yẹn ká. Ní àárín àwọn ọdún 1950, owó Amẹ́ríkà ni wọ́n fi la ọ̀nà ńlá tó gba Nakhon Ratchasima, tó di ààrin gbùngbùn oko ẹ̀gẹ́ wọn. Ẹ̀rù ìjọba Kọ́múníìsì ló jẹ́ kí Amẹ́ríkà náwó náà, kì í ṣe àánú. Ní 1966 wọ́n dá báǹkì àgbẹ̀ sílẹ̀. Iná dé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo abúlé wọn kí ọdún 2000 tó pé. Ní 1992 wọ́n gbé irú ẹ̀gẹ́ kan jáde, Kasetsart 50, tó tàn ká oko wọn. Hẹ́kítà kan lọ́dọ̀ wọn ń mú lé ní 20 tọ́ọ̀nù wá, lọ́dọ̀ wa kì í tó 10. Tí ọkọ̀ bá já ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu iléeṣẹ́, wọ́n á wọ̀n díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ àti nínú omi láti mọ bí sítáàṣì inú rẹ̀ ṣe tó. Tó bá dé 25 nínú ọgọ́rùn-ún, àgbẹ̀ gba owó pípé. Bó bá dín, owó á dín. Àgbẹ̀ yẹn mọ ohun tó ń tà. Lọ́dọ̀ wa, ojú ni oníbàárà fi ń wo ẹ̀gẹ́ tó kún ọkọ̀, ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti lo ọjọ́ kan nílẹ̀ ò sì lẹ́nu láti ná an.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ pé ọgbọ́n Táílándì nìkan ló ṣe é. Ní àwọn ọdún 1970, Yúróòpù ti gbé owó ibodè gegere lé ọkà láti dáàbò bo àwọn àgbẹ̀ tiwọn, wọn ò sì gbé e lé ẹ̀gẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Yúróòpù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀gẹ́ gbígbẹ Táílándì tọ́ọ̀nù lórí tọ́ọ̀nù, kí wọ́n fi bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ wọn dípò ọkà. Nígbà tó di 1982, Yúróòpù ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n dá iye tí wọ́n máa gbà lọ́dún. Nígbà tó yá, ní 1992, wọ́n já owó ọkà tiwọn wálẹ̀, ẹ̀gẹ́ ò wá níyì níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó lówó ló ní ilẹ̀kùn, òun ló ń ṣí i, òun ló ń tì í. Ohun tó gba Táílándì là ni pé kí ilẹ̀kùn tó tì, ọ̀nà, iná àti iléeṣẹ́ ti wà nílẹ̀, wọ́n bá yíjú sí sítáàṣì àti ọjà Ṣáínà.

Àwa náà gbìyànjú. Ní àwọn ọdún 2000, ìjọba Obasanjo ní kí wọ́n máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ 10 nínú ọgọ́rùn-ún sínú ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Èrò tó dára gan-an. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun yẹn kì í ṣe gàrí, kò gbọdọ̀ kan rárá. Láàárín ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n bẹ ẹ́, lọ̀ ọ́, fún un, sá a gbẹ, kí wọ́n tún un lọ̀. Ta ló fẹ́ rí oòrùn tó lè gbẹ ẹ́ lójoojúmọ́ ní Ìjẹ̀bú nínú oṣù Keje? Ẹ̀rọ ìgbẹ ló kù, ìyẹn sì fẹ́ iná tàbí epo dísẹ́ẹ̀lì. Èyí tó bá kan á gbóòórùn nínú búrẹ́dì, oníbúrẹ́dì ò sì ní padà wá. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó ra ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ní àárín ọdún 2025, èlé tí Báǹkì Àpapọ̀ wa fi ṣe ìpìlẹ̀ jẹ́ 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, báǹkì tó máa yá a lówó á sì tún lé tiẹ̀ lé e. Ti Amẹ́ríkà ò tó 5 nígbà yẹn. Ẹ̀rọ kan náà, iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ń sìn fún èlé kó tó sìn fún ọmọ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí ariwo “ẹ padà sóko.” Àwọn èèyàn wà lóko. IITA, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí irè oko, ní ibùdó ní Ìkẹ́nnẹ́ níbí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, igi ẹ̀gẹ́ tó ń so dáadáa kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ṣágámù ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà Òrè ti pàdé, iléeṣẹ́ sì pọ̀ lẹ́bàá wọn. Bí wọ́n bá bi mí níbi tí owó àkọ́kọ́ yẹ kó lọ, n kò ní sọ pé iléeṣẹ́ ńlá. Kí wọ́n da yangí sí ọ̀nà oko, kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n fi afárá kéékèèké síbi tí odò ti ń gé e, kí òjò ọdún yìí tó wọlé dáadáa. Ọkọ̀ tó rì sẹ́rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tí wọn ò yọ títí di Ọjọ́rú, ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ ti di ti ewúrẹ́. Lẹ́yìn ọ̀nà, kí wọ́n fa iná dé ẹbu, kódà bó jẹ́ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ péré ni wọ́n lè fún wọn, kó ṣáà jẹ́ ojoojúmọ́, kí ẹni tó lọ ẹ̀gẹ́ lónìí mọ̀ pé ẹ̀rọ á tún ṣiṣẹ́ lọ́la.