Kì í ṣe eégbọn ni lékeléke ń wá lẹ́yìn màálù
Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp pé ibi tí lékeléke bá ti pọ̀, olówó màálù kò nílò oògùn eégbọn mọ́, ẹyẹ náà á ṣà á tán. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, ó lè ṣa eégbọn tàbí eṣinṣin díẹ̀. Ṣùgbọ́n tata àti ìrẹ̀ ló ń wá jù. Bí màálù bá ń tẹ koríko mọ́lẹ̀, kòkòrò á ta jáde. Lékeléke tó ń rìn lẹ́bàá pátákò rẹ̀ á na ọrùn, ó di gbáú! Ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ̀lé kátakátá náà. Ṣé kátakátá ní eégbọn lára ni?

Ohun tó ń ṣì wá lọ́nà ni pé a ń rí lékeléke tó bà lé ẹ̀yìn màálù. Ká bà síbì kan yàtọ̀ sí ká jẹun níbẹ̀. Tí ẹ bá dé pápá, ẹ wo ẹnu ẹyẹ náà dáadáa: ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ sí jù.

Kẹ́ ẹ sì yẹ inú etí àti abẹ́ ìrù màálù náà wò. Eégbọn lè wà níbẹ̀ bámúbámú, kí lékeléke yí i ká. Dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ bi léèrè oògùn.