Èsì wa sí ọ̀gá wa tí cross slasher wọn já sóko ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ìnáwó. A ti ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sábẹ́ ọjà wa, a sì ti fara balẹ̀ wo àwòrán mẹ́rin tí ẹ fi tì í. Nítorí àwọn ẹlòmíràn tí yóò kà á, ohun tí ẹ sọ nìyí ní ṣókí: ẹ ra cross joint kan (irin alápá mẹ́rin tí ń jẹ́ kí ṣáàfù lè tẹ̀ bí ó ti ń yí) ní ìsọ̀ wa ní Gate, Ìbàdàn, fún ṣáàfù PTO (ọ̀pá irin tí ń gbé agbára katakata lọ sí ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀) tí ń yí slasher yín, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń gé igbó, kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ dè é tí ife rẹ̀ kan, ìyẹn ìdérí irin tí ó bo orí apá cross, fi bọ́ nínú oko, awakọ̀ yín àti ajórin abúlé bá yín tún un ṣe kí iṣẹ́ má baà dúró, ní ọjọ́ kejì ó já pátápátá, gíábọ́ọ̀sì slasher sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, nígbà tí ẹ gbé e padà wá, ọmọ ìtajà wa kò gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ méjì, ẹ sì ní ayédèrú ni a tà fún yín.

Kí a tó sọ̀rọ̀ owó tàbí ọ̀rọ̀ ayédèrú rárá, àwòrán kẹta bà wá lẹ́rù, òun ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ṣáàfù ti wọ ẹ̀yìn katakata, pínnì onísípíríǹgì tí ń tì í mọ́ ibẹ̀ ti sọnù, wọ́n sì ti fi bọ́ọ̀tì gígùn kan rọ́pò rẹ̀, orí rẹ̀ yọ síta lápá kan, nọ́ọ̀tì àti wáyà tí wọ́n fi so ó yọ síta lápá kejì. Ìbòrí oníke tí ó yẹ kí ó bo ṣáàfù náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá wa, PTO katakata yín ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe ìgbà 9 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí orí ṣáàfù náà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, bí etí bùbá tàbí ẹsẹ̀ ṣòkòtò bá fi lè kọ́ orí bọ́ọ̀tì yẹn, aṣọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 3 ni yóò wé mọ́ ọn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó láti pa katakata kí ó tó gbé òun náà lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí awakọ̀ yín yọ bọ́ọ̀tì yẹn lónìí, kí ẹ tó dá wa lóhùn. Fún pínnì tí ó bá sọnù, kò sí ọgbọ́n ojú oko kankan tí a lè fọwọ́ sí. Ṣáàfù náà gbọ́dọ̀ dúró títí pínnì mìíràn yóò fi dé, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí ọmọ ẹni.

Ní ti àtúnṣe ojú oko fúnra rẹ̀, a kò bá yín wí. Ẹni tí ó bá mọ bí àkọ́rọ̀ ti rí ní Òkè-Ògùn mọ̀ pé òjò kì í dúró de ẹni tí ń wá ohun ìpààrọ̀ lọ sí Ìbàdàn, àti pé ẹni tí ó ti gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ mẹ́rin kò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n máa wo igbó. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa rò ni pé àtúnṣe kan wà tí ń gbé iṣẹ́ dé alẹ́, òmíràn sì wà tí ń gbé ìfọ́ kúrò lára ohun tí owó rẹ̀ kéré lọ sára ohun tí owó rẹ̀ pọ̀. Gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú àwòrán yín, irú kejì ni ó ṣẹlẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ láti ara cross.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara bọ́ọ̀tì. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín pé slasher gbá kùkùté èmí kan, bọ́ọ̀tì tí ó wà ní orí ṣáàfù lápá slasher sì já, awakọ̀ wá yọ òmíràn lára ohun èlò ìtúlẹ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀. Bọ́ọ̀tì tí ó já yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ pé kí ó já, bí fíúsì iná inú ilé, kí agbára tí kùkùté dá padà má baà dé ibi tí àtúnṣe rẹ̀ ti wọ́n. Ìwé tí ẹ yà fún wa ní kí ẹ lo bọ́ọ̀tì 8.8, èyí tí ó wà nínú àwòrán kìíní ní 10.9 lórí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó ń sọ bí irin náà ti le tó: 8 túmọ̀ sí pé yóò gba agbára niutọni 800 lórí mílímítà onígun mẹ́rin kan kí ó tó já, 10 sì túmọ̀ sí 1,000. Ìyàtọ̀ yẹn lè dà bí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe slasher ti ṣírò gíábọ́ọ̀sì, cross àti ṣáàfù lé bọ́ọ̀tì tí ó rọ̀ jù wọ́n lọ. Nígbà tí bọ́ọ̀tì kọ̀ láti já ní kùkùté kejì, nǹkan mìíràn ni yóò já, ife cross ni ó sì bọ́ sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó gbé lọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn òrùka irin tí ń di ife mú, dání.

Ibi tí a ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù ni àwòrán kejì, nítorí pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ dáadáa ni kò mọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí, wọn a sì máa pààrọ̀ cross lọ́pọ̀ ìgbà láì mọ ìdí tí kò fi ń pẹ́. Ṣáàfù yín jẹ́ onígun mẹ́rin, ọ̀kan ń wọ inú èkejì. Lẹ́yìn tí ajórin jó o tán, wọ́n tì í padà, ṣùgbọ́n wọ́n yí i ní ìdá mẹ́rin kan kí wọ́n tó tì í wọlé. Ẹ wo yoke méjèèjì tí ó wà lára ṣáàfù gan-an, ìyẹn àwọn orí alápá méjì tí cross ń wọ̀ sí ní ìdí kọ̀ọ̀kan: apá ọ̀kan dúró lóòró, apá èkejì sì sùn ní ìbú. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì kọjú sí ibì kan náà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbàkígbà tí cross kan bá ń yí níbi tí ó ti tẹ̀, bí ìhà katakata tilẹ̀ ń yí geere, ìhà kejì kì í yí geere. Yóò yára, yóò sì falẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú yíyí kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá tẹ̀ ní dígírì 15, ìyípo 540 yẹn á máa lọ sókè-sódò láàárín 522 àti 559, èyí tí slasher lè fara dà. Bí ó bá tẹ̀ ní dígírì 30, ó di láàárín 468 àti 624. Nítorí ìdí èyí ni a ṣe ń fi cross méjì sí ṣáàfù kan: bí ìtẹ̀ ìhà méjèèjì bá dọ́gba, tí yoke méjèèjì sì kọjú sí ibì kan náà bí ó ti yẹ, cross kejì á tún ohun tí ti àkọ́kọ́ bàjẹ́ ṣe, gíábọ́ọ̀sì á sì gba ìyípo tí ó dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí ọ̀kan ní ìdá mẹ́rin kan, cross kejì kò ní tún un ṣe mọ́, yóò fi tirẹ̀ kún un ni. Ní dígírì 30 kan náà, gíábọ́ọ̀sì yín á máa gba 405 àti 720 láìdáwọ́ dúró, ìgbà 18 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí cross tí a lè tà fún yín, kódà kí ó ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe katakata náà wá, tí yóò pẹ́ nínú irú ìgbọ̀nrìrì bẹ́ẹ̀, ariwo tí gíábọ́ọ̀sì ń pa sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó ti wá. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti ara ọ̀kan dé ara èkejì kí ẹ tó fà wọ́n ya. Bí ìlà bá bá ìlà mu nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ ò ní ṣìṣe.

Ní ti jíjó tí ajórin jó ife cross mọ́ yoke nítorí pé lọ́ọ̀kì sọnù, a mọ̀ pé ó wù ú kí ó gbà yín ni. Ṣùgbọ́n inú ife yẹn ni àwọn abẹ́rẹ́ irin wẹ́wẹ́ wà tí apá cross ń yí lórí wọn, líle wọn sì ni gbogbo iṣẹ́ wọn. Irin tí wọ́n fi iná mú le bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ooru bá ti ń kọjá nǹkan bí dígírì 200, iná ajórin sì ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀. Gíríìsì inú rẹ̀ á jó, rọ́bà tí ń dí eruku á yọ́, ohun tí ó kù kò sì ju irin gbígbẹ tí ń họ irin lọ. Ohun tí ó tún dunni ni pé yoke fúnra rẹ̀ ti bá a lọ, nítorí pé ife yẹn kò ní ṣeé yọ mọ́ láìgé e. Ẹni tí lọ́ọ̀kì bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ní oko, kí ó yọ ọ̀kan lára ògbólógbòó cross tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu. Nítorí náà ni a fi máa ń sọ pé kí ẹ má ju cross tí ó ti jẹ dànù.

Ohun púpọ̀ wà tí ẹ lè ṣe lójú oko tí a ó bá yín dúró tì. Bí ẹ bá ń dá ife padà, tí lọ́ọ̀kì sì kọ̀ láti wọ ojú ihò rẹ̀, ẹ má fi òòlù pá a. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé abẹ́rẹ́ kan ti ṣubú sí ìdí ife. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi gíríìsì tí ó ki lẹ àwọn abẹ́rẹ́ mọ́ ara ògiri ife yíká, kí ẹ fi igi tẹ́ ẹ lórí kí ẹ tó rọra kàn án wọlé. Bí abẹ́rẹ́ kan bá dín, ẹ má dè é. Ẹ lè yọ cross lára ṣáàfù ẹ̀rọ mìíràn tí ẹ kò lò ní sáà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn fífẹ̀ irin, wọn ibi méjì, fífẹ̀ ife àti gígùn láti orí ife kan dé orí èyí tí ó kọjú sí i, nítorí pé cross 30.2 pẹ̀lú 80 mílímítà àti 30.2 pẹ̀lú 92 mílímítà jọra bí ìbejì lójú ẹni tí ó wọn ife nìkan. Bọ́ọ̀tì 8.8 tí ó tó ìwọ̀n, ẹ tọ́jú mélòó kan sínú àpótí irinṣẹ́ katakata láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì kọ̀, ẹ tú ṣáàfù náà sílẹ̀ pátápátá kí ẹ fi katakata ṣe iṣẹ́ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú PTO: ìtúlẹ̀ kò lò ó, háróò kò lò ó, fífa tírélà kò lò ó. Ọjọ́ yẹn kò ní ṣòfò.

Ẹ wá ní ayédèrú ni. A kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan dáhùn èyí, nítorí pé ayédèrú pọ̀ ní ọjà lóòótọ́, ẹ̀tọ́ yín sì ni láti fura. Ọmọ ìtajà wa kò gbà á nítorí pé ìlànà wa ni pé ohun tí iná ajórin bá ti kàn kì í padà sórí àtẹ. Ìlànà yẹn dúró, ṣùgbọ́n kò dí wa lọ́wọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú yín. Ọ̀nà tí a ó gbà yẹ̀ ẹ́ wò rọrùn, ẹnikẹ́ni tí ó ń ka èyí sì lè ṣe é kí ó tó sanwó. Apá cross mẹ́rin ni ó wà, ọ̀kan ṣoṣo ni iná kàn. A ó fi fáìlì tí ó mú họ orí àwọn mẹ́ta yòókù. Irin tí wọ́n mú le dáadáa kò ní jẹ́ kí fáìlì gé e, yóò kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Bí fáìlì bá gé ọ̀kan péré nínú àwọn mẹ́ta yẹn, irin rírọ̀ ni a tà fún yín, a ó dá owó cross padà fún yín lọ́wọ́ kan náà, a ó sì kọ ọ́ síbí kí gbogbo ayé rí i. Bí kò bá gé e, a ó ta cross mìíràn fún yín ní iye tí a rà á, a kò sì ní gba owó iṣẹ́ láti de ṣáàfù náà padà kí yoke méjèèjì kọjú sí ibì kan náà.

Gíábọ́ọ̀sì kò sí lára ohun tí a lè ṣèlérí lé lórí láìrí i. Ẹ bá wa sọ fún awakọ̀ yín kí ó tú òróró rẹ̀ sínú abọ́ funfun. Bí ó bá rí irin wẹ́wẹ́ tí ń dán nínú rẹ̀, kí ẹ má ṣe yí i mọ́, kí ẹ gbé e wá pẹ̀lú ṣáàfù.

Ẹ kó apá ṣáàfù méjèèjì wá bí wọ́n ti wà, pẹ̀lú bọ́ọ̀tì 10.9 yẹn àti cross tí ó já, kí ajórin má sì tún fọwọ́ kàn án kí a tó rí i. A ń ṣí ìsọ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé. Bí ọ̀nà bá jìn fún yín nínú sáà yìí, ẹ fi rán awakọ̀ yín, nítorí pé a fẹ́ kí òun gan-an wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń dè é, a ó sì fún un ní pínnì tuntun kan lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó tó kúrò.