Èsì wa sí oníbàárà tó ra sẹ́ẹ̀tì kílọ́ọ̀ṣì fún píkọ́ọ̀pù àtijọ́

Ẹ kú ìnáwó mọ́tò o, oníbàárà wa. Ẹ ṣé tí ẹ padà wá sọ bó ṣe rí fún yín. Ìràwọ̀ mẹ́ta tí ẹ fún wa, a gbà á. Ẹ ní pélétì kílọ́ọ̀ṣì nìkan lẹ wá rà, àwa la ní kí ẹ gbé odidi sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pélétì, pressure plate (irin oní-sípíríìǹgì tó ń tẹ pélétì mọ́ra) àti bíárìn rẹ̀, owó náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ ní láti ìgbà tí wọ́n ti dè é, kílọ́ọ̀ṣì ò yọ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́tò ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹ bá ti fẹ́ gbéra ní gíà kìíní. Ọ̀rẹ́ yín kan sì ní pélétì olójú ceramic ló yẹ ká tà fún yín. N ó dá yín lóhùn ní gbangba, nítorí àwọn míì tó ní píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ń ka ibí yìí kí wọ́n tó náwó.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dùn yín jù. Nínú àwòrán tí mẹ́káníìkì yín yà kó tó de gíábọ́ọ̀sì padà, ojú flywheel, ìyẹn irin rìbìtì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tí pélétì ń dì mọ́, hàn dáadáa. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, mo sì rí àpá aláwọ̀ aró káàkiri, òmíràn tóbi tó ẹyọ owó, àárín wọn sì ti sán wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ ooru nìyẹn. Nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ń yọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń ké tí mọ́tò ò sì sáré tó bẹ́ẹ̀, gbogbo agbára tí kò dé ẹsẹ̀ táyà ló ń di ooru sára irin yẹn. Ibi tó bá gbóná jù á wá le ju ibi tó kù lọ. Bí wọ́n bá gbé pélétì tuntun lé e, á dì í mú níbì kan, á yọ̀ níbòmíràn, mọ́tò á sì máa gbọ̀n. Ẹ ní mẹ́káníìkì sọ pé flywheel ṣì dáa, ó nù ún, ó sì bò ó. Nínù dára, kódà dandan ni, torí wọ́n máa ń fi epo pa pressure plate tuntun kó má baà dípẹtà, epo náà sì gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá kí pélétì tó kàn án. Ṣùgbọ́n àkísà ò lè nu àpá iná kúrò lára irin. Tọ́nà ló máa gbé e sórí léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin, tó máa ha ojú rẹ̀ títí á fi tẹ́jú.

Síbẹ̀, ẹ má tíì sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wíwò rẹ̀ ò ní ná yín ní nǹkan kan. Nínú píkọ́ọ̀pù àtijọ́, rọ́bà engine seat, èyí tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, àti ti gíábọ́ọ̀sì sábà máa ń ti já tàbí kó ti rọ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, kì í ṣe iwájú rẹ̀, kí ẹlòmíràn tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gírígírí, kó fi gíà kìíní sí i, kó wá rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì mú. Bí ẹ́ńjìnnì bá fò sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ti rí ọ̀kan lára ohun tó ń gbọ̀n yín. Ẹ tún fi ọwọ́ mi jọ́ìntì propeller shaft, ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí táyà ẹ̀yìn, nígbà tí mọ́tò bá wà ní pípa, tí ẹ ti fi nǹkan dí táyà. Kò yẹ kó máa mì gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun kejì tí kò náni ni sùúrù. Ojú pélétì tuntun àti ojú flywheel ní láti mọ ara wọn. Nǹkan bí kìlómítà 800 ni wọ́n sábà máa ń ní kí a fi wà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìwakọ̀ ìgboro tí èèyàn ń dúró tó ń gbéra ló sì dára jù fún un. Ẹ má fà mọ́tò míì, ẹ má di ẹrù tó pọ̀ sí i, ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì lórí òkè láti fi dá mọ́tò dúró. Bí ẹ kò bá tíì rìn tó bẹ́ẹ̀, tí gbígbọ̀n náà sì ń dín kù lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kó parí. Bó bá ń le sí i, ẹ má dúró de kìlómítà kankan.

Bó bá wá di dandan kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ibi tí mo fẹ́ kí mẹ́káníìkì yín tan iná sí ni ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí sílì crankshaft (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ lára ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) wà, àti iwájú gíábọ́ọ̀sì, níbi tí ọ̀pá rẹ̀ ti yọ jáde. Bí ọ́ìlì bá ń jò níbẹ̀, ì báà kéré, á dé ojú pélétì, pélétì tí ọ́ìlì bá sì ti bà kò ṣeé fọ̀ lò. Irú sílì bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n rárá. Kí wọ́n pàrọ̀ rẹ̀ nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú ibẹ̀ o. Pélétì ayé àtijọ́ lè ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó nù ún.

Lórí odidi sẹ́ẹ̀tì, mo dúró lórí ohun tí a sọ fún yín. Kì í ṣe pélétì ló ń gba owó jù nínú iṣẹ́ yìí, sísọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ ni. Release bearing, ìyẹn bíárìn tó ń ti pressure plate nígbà tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ibì kan náà ló wà pẹ̀lú pélétì, ọjọ́ orí wọn sì dọ́gba. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í han lẹ́yìn oṣù díẹ̀, gbogbo iṣẹ́ yẹn lẹ máa tún san owó rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Pressure plate náà ní àwọn ìka sípíríìǹgì tí bíárìn ń tẹ̀. Ìka wọ̀nyẹn máa ń jẹ, sípíríìǹgì náà sì máa ń rọ̀, pélétì tuntun á wá máa yọ̀ bíi ti àtijọ́. A máa ń ta pélétì nìkan fún ẹni tó bá pàrọ̀ ìyókù láìpẹ́, tí ọ́ìlì ba ti rẹ̀ jẹ́, tí ìka pressure plate rẹ̀ sì ṣì dọ́gba tí ojú rẹ̀ kò sì dú. Píkọ́ọ̀pù yín kò sí nínú ìyẹn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún wa pé kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n ti pàrọ̀ nǹkan kan níbẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ní ti ceramic, ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò ní tà á fún yín. Ó ń fara da ooru ju ti organic, irú tí mọ́tò lásán ń lò, lọ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje tàbí tí wọ́n ti fi kún agbára ẹ́ńjìnnì fi ń lò ó. Ṣùgbọ́n gbígbámú ló ń gbá mọ́tò mú, kì í rọra dì í. Ìgbéra yín á tún le ju èyí tí ẹ ń sunkún rẹ̀ yìí lọ, á sì máa jẹ ojú flywheel kíákíá. Pressure plate líle tí wọ́n sábà máa ń tà pẹ̀lú rẹ̀ á mú kí ẹsẹ̀ yín máa ro nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ́ńjìnnì yín ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é, organic ló bá a mu.

Ẹni tó bá fẹ́ dín owó kù, inú páálí ni kó ti dín in. Aisin àti Exedy ti Japan, LuK àti Sachs ti Jámánì, Valeo ti Faransé, gbogbo wọn ń ṣe kílọ́ọ̀ṣì fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, wọ́n sì tún ń tà á nínú páálí tiwọn. Páálí tiwọn sábà máa ń dínwó ju èyí tó ní orúkọ mọ́tò lára lọ. Èyí tí mi ò lè bá ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ni pressure plate àlòkù tí wọ́n kun lọ́dà, torí ọ̀dà kì í mú sípíríìǹgì tó ti rọ̀ le padà.

Ìdí tí a fi bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé pélétì àtijọ́ dání nìyí. Píkọ́ọ̀pù tó ti dàgbà, wọ́n lè ti pàrọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ láìkọ ọ́ sínú ìwé kankan. Orúkọ mọ́tò àti ọdún rẹ̀ nìkan kò tó. A wọn fífẹ̀ pélétì, a ka eyín àárín rẹ̀, wọ́n sì bá tuntun mu kí ẹ tó sanwó.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò engine seat yẹn kí ẹ fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nínú àpótí ìfìwéránṣẹ́. Bí wọ́n bá sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, tí flywheel ti tẹ́jú, tí kò sí ọ́ìlì kankan níbẹ̀, tí pélétì wa sì tẹ̀ tàbí tí ríbẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tú, a máa pàrọ̀ rẹ̀, owó gbígbé e wá sọ́dọ̀ yín sì di tiwa. Kí mẹ́káníìkì ya àwòrán sílì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì kó tó nu ibẹ̀.